Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún olè nítorí pé inú onílé ń bí yín

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ lójú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwa òǹkàwé, kí n bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Káfíńtà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ géèmù. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló kan àgbàlagbà nínú ọ̀rọ̀ géèmù, kó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ilé géèmù kan wà ní àdúgbò wa tí àwọn ọmọ ti ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo kan àwọn bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jókòó lé. Bí oòrùn bá mú, mo máa ń lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn, nítorí atẹ́gùn máa ń fẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Láìpẹ́ yìí ni mo bá wọn lẹ́nu àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ àwọn háákà ni wọ́n ń sọ, ìyẹn àwọn tó ń já wọ inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ háákà a máa kọ lu àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe géèmù, wọn a kó wọn lẹ́rù, wọn a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọmọkùnrin kan ní, "Bàbá, ó dáa bẹ́ẹ̀! Owó wa ni wọ́n ń jẹ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan péré tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ló ní, "Ẹ̀yin ò mọ̀ pé àwa la máa ń jìyà ẹ̀."

Ẹ̀yìn ọmọ tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn ni mo wà. Nígbà tí mo délé, mo pe ọmọ ọmọ mi tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, mo ní kó ka ìtàn ọ̀rọ̀ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Sony bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan tó ń ṣe PlayStation. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ta PlayStation 3, wọ́n gba ẹni tó bá rà á láàyè láti fi Linux sí i, kó máa lò ó bíi kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n gba àǹfààní yìí padà. Ẹni tó bá sì kọ àyípadà náà kò ní lè bá ẹlòmíràn ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ wo nǹkan: ohun tí ènìyàn ti fowó rà, tó ti gbé dé yàrá rẹ̀, ni ẹni tó tà á dúró ní òkèèrè tó mú apá kan kúrò lára rẹ̀. Ká ní mo kan kọ́bọ́ọ̀dù fún oníbàárà, tí mo wá padà lọ tú dúróà kan lóru, ṣé wọn ò ní pe ọlọ́pàá fún mi? Nítorí náà, n kò bá àwọn ọmọ wí pé inú bí wọn. Inú ẹnikẹ́ni á bí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Sony gbé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, George Hotz, lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé ó tú àdììtú ẹ̀rọ náà, ó sì fi han gbogbo ayé. Inú tún ru sí i. Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Anonymous dìde ní oṣù kẹrin pé àwọn yóò gbẹ̀san fún àwọn tó ń ṣe géèmù. Ohun tí wọ́n ṣe dà bí ìgbà tí ènìyàn kó ẹgbẹ̀rún èrò tí kò fẹ́ ra nǹkan kan lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà gidi kò wá ní rí ọ̀nà wọlé. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn tí wọ́n ní àwọn ń jà fún gan-an ló kọ́kọ́ figbe ta pé, "Àwa ni ẹ kò jẹ́ ká ṣeré mọ́ yìí o!" Anonymous fúnra wọn jáde, wọ́n ní àwọn yóò fi ibi tí wọ́n ti ń ṣeré sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, láàárín ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 19 oṣù kẹrin yẹn kan náà, olè gidi wọlé. Anonymous ní kì í ṣe àwọn. Ẹni yòówù kó jẹ́, ó ráyè dé ibi tí orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí àti ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn oníbàárà wà. Àkáǹtì bíi mílíọ̀nù 77 ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní ọjọ́ 20, Sony ti gbogbo rẹ̀ pa. Ó di ọjọ́ 26 kí wọ́n tó sọ fún àwọn ènìyàn pé olè ti dé ibi ẹrù wọn. Ó sì di àárín oṣù karùn-ún kí ilẹ̀kùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ọmọ ọmọ mi ní oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn ènìyàn sọ nígbà náà. Àwọn kan fi Sony ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan ṣépè fún olè. Àwọn kan bínú sí Sony pé ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Mo wá bi í pé, "Nínú gbogbo orúkọ mílíọ̀nù 77 yẹn, mélòó ló jẹ́ ti ọ̀gá Sony?" Ó rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ ìdáhùn.

Bó ṣe rí náà nìyẹn ní Kérésìmesì ọdún 2014. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Lizard Squad dí ọ̀nà PlayStation àti Xbox lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ọdún gan-an. Àwọn kan nínú wọn sọ fún oníròyìn pé àwọn fẹ́ fi hàn pé ààbò àwọn ilé iṣẹ́ náà kò lágbára ni. Ẹ gbọ́ àwáwí! Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun wálé fún, tó ti ń ka ọjọ́ láti oṣù mélòó kan, òun ni wọ́n fi jẹ́rìí sí i pé ilẹ̀kùn olówó kò lágbára.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ilẹ̀ Póláǹdì. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ CD Projekt. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n gbé géèmù kan jáde tí gbogbo ayé ti ń retí, Cyberpunk 2077. Lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, iṣẹ́ náà kò dára rárá. Ó burú débi pé Sony yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ rẹ̀ nínú oṣù náà, wọ́n sì ń dá owó padà fún ẹni tó bá béèrè. Ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn háákà wọ inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ti àwọn fáìlì pa, wọ́n ní kí wọ́n sanwó. Ilé iṣẹ́ náà kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn kan tí inú ti ń bí tẹ́lẹ̀ ní, "Ó tọ́ sí wọn." Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Àtúnṣe géèmù yẹn, tí wọ́n ti ṣèlérí fún oṣù kejì, ni wọ́n sún sí ìdajì kejì oṣù kẹta, wọ́n ní ìkọlù yẹn wà lára ohun tó fà á. Ẹni tó ti fowó ra ọjà tí kò pé, tó ń retí kí wọ́n bá òun tún un ṣe, òun náà ni wọ́n tún fi ọjọ́ kún ìyà rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ilé iṣẹ́ náà tún kéde pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣìṣẹ́ wà lára ohun tó ti ń lọ kiri. Òṣìṣẹ́ o, kì í ṣe ọ̀gá nìkan!

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ní ọdún 1984, mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ńlá. Ahun ni ọ̀gá náà. Owó oṣù mẹ́ta ló jẹ wá, ó sì máa ń jágbe mọ́ oníbàárà bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Lóru ọjọ́ kan, àwọn olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi nílé, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọlọ́run ti mú un." Ìgbà tí mo débẹ̀ ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ayùn mi méjèèjì àti ìfági tí mo fi ọdún kan tọ́jú owó rà wà nínú ohun tí wọ́n kó lọ. Pákó ìyá opó kan tó ti sanwó bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ náà bá a lọ. Kí oṣù tó parí, ọ̀gá ti ra òmíràn. Ìyá yẹn kò rí bẹ́ẹ̀dì, kò rí owó. Èmi ń yá ayùn lò títí ọdún fi yípo. Títí di òní, ojú ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn ń tì mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé iṣẹ́ géèmù ń kó nǹkan pamọ́ sí, ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹrù inú rẹ̀ kì í ṣe ti olówó nìkan. Ti oníbàárà wà níbẹ̀, ti òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, nígbà tí àwọn olè kan wọ ilé iṣẹ́ Insomniac ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ṣe géèmù Spider-Man, wọ́n béèrè owó, wọn ò rí i gbà, ni wọ́n bá tú fáìlì tó lé ní mílíọ̀nù kan síta. Ìwé ìrìnnà àwọn òṣìṣẹ́ wà lára rẹ̀. Kí ni òṣìṣẹ́ tó ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ ṣe fún yín?

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún àwọn tí kì í jalè, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń sáré lọ wo ohun tí olè jí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ẹnì kan jí fídíò bíi 90 nínú géèmù tí Rockstar ṣì ń ṣe lọ́wọ́, ó sì tú u síta. Ọ̀pọ̀ sáré lọ wò ó, àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ náà kò dán. Ẹ jọ̀wọ́, àga tí wọn ò tíì fá, ṣé ó máa ń dán? Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn gbé iṣẹ́ tiwọn tí kò tíì parí jáde, kí aráyé lè mọ̀ pé bí iṣẹ́ ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń gbè sẹ́yìn olówó. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá gba orúkọ àti káàdì báńkì ènìyàn pamọ́, ó di dandan kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, àjọ tó ń rí sí ìpamọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn 250,000 pọ́n-ùn lé Sony lórí nítorí ọ̀rọ̀ ọdún 2011 yẹn, wọ́n ní wọn ì bá ti dènà rẹ̀. Mo kan sáárá sí wọn.

Ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn. Ẹni tí inú bá ń bí, kó má ra ọjà kí wọ́n tó ṣe é tán. Kó béèrè owó rẹ̀ padà. Kó kọ̀wé sí ìjọba, kó kó ẹgbẹ́ jọ, kó lọ sílé ẹjọ́. Àwọn tó gba owó Cyberpunk wọn padà, igbe tí àwọn oníbàárà pa ló gbà á fún wọn, kì í ṣe háákà. Háákà kò dá kọ́bọ̀ padà fún ẹnì kankan.

Ní ọjọ́ kejì, mo padà sí ilé géèmù yẹn, mo sọ ìtàn ayùn mi fún wọn. Ọmọ tó pàtẹ́wọ́ jù dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá, ṣé wọ́n padà rí àwọn olè yẹn?" Mo ní wọn ò rí wọn. Ó ní, "Ìyá yẹn ńkọ́?" Mo ní orí ẹní ló kó ọmọ rẹ̀ lé lọ sílé ọkọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ìbínú ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.