Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Òpin sí Ohun Tí Kò Ní Òpin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó tọ́ kí òbí fi ààlà sí àkókò tí ọmọ ń lò nídìí fóònù, kí ọmọ pẹ̀lú sì gba ààlà náà tinútinú.

Kì í ṣe pé àwa Ẹ̀gbá kórìíra ohun titun. Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín ni Àlùfáà Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ń jáde. Ẹni tí ó bá kà á tán a pa á dé, a sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1959, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òun náà ní wákàtí tí wọn ń sí i àti wákàtí tí wọn ń tì í. Bí eré bá parí, olúkúlùkù a lọ sùn.

Fóònù alágbèéká òde òní yàtọ̀ sí wọn. Bí àwòrán kan ti ń parí ni òmíràn ń yọjú. Kò mọ òru, kò mọ ọ̀sán. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ti ń wò ó pẹ́ tó ni owó ìpolówó ọjà ń wọlé tó fún àwọn tí ó ni ín. Nígbà tí òpin kò sí lára ẹ̀rọ náà, àwa ni a ó fi òpin sí i.

Ohun tí ọmọ ń pàdánù kò kéré. Ẹni tí ó tẹjú mọ́ fóònù di òru yóò tòògbé ní kíláàsì. Oríkì ìdílé rẹ̀ yóò fò ó dá, nítorí kò jókòó ti àgbà. Iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú yóò ṣòro fún un: kò sí aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú tí ó di ọ̀gá nípa wíwo àwòrán nìkan, ó ti ọwọ́ bọ aró.

Àwọn kan ń wí pé ọmọ tí kò bá mọ fóònù lò yóò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé wa ni a ń rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wúlò ní ilé ìdáná, síbẹ̀ a kì í gbé e fún ọmọ sùn. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 máa jókòó wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rárá. Fún ọmọ ọdún 2 sí 4, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Ní ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí iṣẹ́ àṣetiléwá ṣáájú, kí fóònù má ṣe dé ibi oúnjẹ, kí ó sì sùn ní yàrá òbí.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàbá tí ń jẹun tí ojú rẹ̀ wà lára fóònù kò lè bá ọmọ wí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ranti pé irinṣẹ́ ni fóònù; ẹni tí kò bá lè gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ti di irinṣẹ́ fún un.