Èébì aboyún kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ

Gbólóhùn kan ti di orin lẹ́nu àwọn ìyá ọkọ, àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti àwọn nọ́ọ̀sì kan: "Oyún kì í ṣe àìsàn." Obìnrin tí kò lè mu omi lásán láì bì í ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Bí ó bá dùbúlẹ̀, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Bí ó bá ń tutọ́ sínú agolo, wọ́n á ní ó ń ṣe àṣejù. Wọ́n á sì fi kún un pé àwọn ìyá àtijọ́ lóyún, wọ́n sì ń roko.

Lóòótọ́, oyún fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Nínú aboyún mẹ́wàá, nǹkan bíi méje ni inú rírùn tàbí èébì máa ń bá. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó sì máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn láàrin ọ̀sẹ̀ 16 sí 20. Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Àwọn díẹ̀ wà tí tiwọn kọjá bẹ́ẹ̀: wọn a rù, omi ara wọn a gbẹ, àfi kí wọ́n fa omi sí wọn lára ní ilé ìwòsàn. Hyperemesis gravidarum ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, òun ló gbé Kate, ìyàwó Ọmọọba William ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé iṣẹ́ oko ni òun náà ń sá fún?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Marlena Fejzo ti Amẹ́ríkà àti Stephen O'Rahilly ti Yunifásítì Cambridge wà lára wọn gbé ìwádìí jáde. Wọ́n fi hàn pé họ́mónù kan tí ń jẹ́ GDF15, tí ọmọ inú àti ibi rẹ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, wà lára ohun pàtàkì tí ń fa èébì náà. Obìnrin tí họ́mónù yìí kéré lára rẹ̀ kí ó tó lóyún ni ó máa ń dà láàmú jù. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe inú ìwà. Fejzo fúnra rẹ̀ pàdánù oyún sí àìsàn yìí ní ọdún 1999, lẹ́yìn tí dókítà rẹ̀ ti fojú kéré ohun tí ń ṣe é.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà náà kò ro ti àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ó fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí èébì ń jà jù kò sí nínú wọn. Ohun tí ó kù ni ọjọ́ 12 tí òfin yọ̀ǹda fún àìsàn láàrin ọdún kan, bí dókítà bá kọ ìwé sí i. Ọjọ́ 12 fún èébì oṣù méjì! Aránṣọ àti alájàpá kò tilẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Àwọn kan yóò ní bí a bá fàyè gbà wọ́n, gbogbo aboyún ni yóò máa dùbúlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. A lè fi òṣùwọ̀n wo bí obìnrin ti rù tó, a sì lè yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Òṣùwọ̀n kì í ṣe ojúsàájú.

Jíjẹ díẹ̀díẹ̀ léraléra, bísíkíìtì tàbí búrẹ́dì gbígbẹ kí ó tó dìde lórí ibùsùn, àti atalẹ̀ máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Bí òórùn ọbẹ̀ bá ń rùn ún, kí ọkọ dáná. Bí ìwọ̀nyí kò bá tó, dókítà ní oògùn tí ó yẹ aboyún. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi kò dúró sí nínú fún odidi ọjọ́ kan, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí tí kò tọ̀ mọ́, tí òòyì sì ń kọ́, ilé ìwòsàn ló yẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná, kí wọ́n má di ẹrù rẹ̀ ru oyún; kí wọ́n yẹ ibà wò.

Kí àwọn aṣòfin ní Àbújá fi ìsinmi fún irú aboyún bẹ́ẹ̀ kún òfin, láì dín ìsinmi ìbímọ rẹ̀ kù. Yorùbá a máa gbàdúrà pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ti ìyá láti ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀.