Olú Kì Í Ṣe Ewéko, Òjò Kọ́ Ló sì Dá A

Ìgbàgbọ́ kan tó wà nílẹ̀ Yorùbá ni pé olú jẹ́ irú ewéko kan tí kò ní irúgbìn, tí òjò àkọ́rọ̀ kàn ń mú jáde láti inú ilẹ̀ lásán. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà rárá, ẹ̀rí tó sì ta kò ó wà nínú ọ̀gán inú oko.

Ewéko a máa fi àwọ̀ ewé ara rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti pèsè oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n olú kò ní àwọ̀ yìí, nítorí náà igi jíjẹrà, ewé gbígbẹ àti ara ohun ẹlẹ́mìí mìíràn ló ń jẹ. Káítìn, èròjà líle tó wà nínú èèpo akàn àti ti kòkòrò, ló sì gbé ara rẹ̀ ró. Irú ìyàtọ̀ báyìí, pàápàá ti oúnjẹ, ló mú kí Robert Whittaker, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, yà á sọ́tọ̀ ní 1969 kúrò lára ewéko. Ìwádìí lórí àbùdá sì ti fi hàn lẹ́yìn náà pé olú bá ẹranko tan ju bí ó ti bá ewéko tan lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ́ òtítọ́ pé kò sí ohun tó ń bí i. Sípóò, ìyẹn hóró ìbísí tó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ló ń jábọ́ láti abẹ́ orí rẹ̀. Ní ti olú orí ọ̀gán, ikán ni àgbẹ̀ rẹ̀: yóò jẹ igi àti ewé gbígbẹ, yóò fi ìgbẹ́ rẹ̀ kọ ebè sínú ọ̀gán, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí í ṣe ara olú gan-an yóò sì gbilẹ̀ lórí ebè náà, yóò máa sọ igi líle di ohun tí ikán lè jẹ. Ohun tí àwọn èèyàn ń já sínú ọbẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà ìbísí rẹ̀ nìkan, tó yọrí síta nígbà òjò.

Ìran tí olú ti wá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fọ́ńgáì, ní ẹgbẹ́ mìíràn: ọ̀kan ń mú kí búrẹ́dì bu, òmíràn ni ìwúkàrà tó ń mú kí ẹmu hó. Fọ́ńgáì tún wà nínú láíkìnì, àbàwọ́n aláwọ̀ eérú tó ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi kòkó àti àpáta, èyí tí kì í ṣe àrùn igi. Ní 1867 ni Simon Schwendener, ará Switzerland, kéde pé fọ́ńgáì àti álígì, ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-rín aláwọ̀ ewé, ló para pọ̀ di láíkìnì. Álígì ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ, fọ́ńgáì ń pèsè ibùgbé, igi sì jẹ́ ibi ìdìmú lásán fún wọn.

Ẹni tó bá gbà pé òjò ló ń dá olú yóò wó ọ̀gán, yóò sì tún máa retí olú níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kí olùkọ́ jáwọ́ nínú kíka olú mọ́ ewéko, kí àgbẹ̀ sì dá ọ̀gán tó ń hu olú sí.