Ilé iṣẹ́ ti bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀: ṣé wọ́n tún ìṣirò arc flash ṣe?

Ọ̀rọ̀ owó là ń sọ ṣáá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC ti sún owó iná Band A láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti kó lọ sórí jẹnẹrétọ̀ tiwọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ọ̀kan lágbègbè Ọ̀tà. Mo rí àlẹ̀mọ́ lára pánẹ́ẹ̀lì iná, tó ń sọ irú aṣọ tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ̀ kó tó ṣí i. Mo bi oníṣẹ́ iná tó ń mú mi kiri pé, "Bọ̀dá mi, ìgbà wo ni wọ́n ṣírò èyí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìgbà tá a ṣì ń lo NEPA ni o."

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Arc flash ni kí iná fò láti wáyà kan sí òmíràn nínú afẹ́fẹ́, kó bú gbàù. Ẹni tí ò fọwọ́ kan nǹkan kan lè jóná níbi tó dúró sí. Ìlànà IEEE 1584, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2018, làwọn ẹnjiníà fi ń ṣírò ooru tó máa dé ara òṣìṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe ni ọ̀rọ̀ mọ́tọ̀, ìyẹn èyí tó ń yí fáànù àti pọ́ǹpù, kì í ṣe ọkọ̀ o. A rò pé ṣe ló kàn ń jẹ iná. Àmọ́ tí wáyà bá kanra, mọ́tọ̀ ò ní dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe ń yí lọ, òun fúnra ẹ̀ á di jẹnẹrétọ̀ fúngbà díẹ̀, á máa ti iná padà síbi tó ti bú. Ó lè tó ìlọ́po 4 sí 6 iye tó máa ń jẹ kó tó rọlẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó le sí: iná yìí kì í gba inú bírékà ńlá kọjá. Bírékà ò rí i. Ooru ń pọ̀ sí i, bírékà ò sì tìtorí ẹ̀ yára já. Ẹni tó bá ro ó pọ̀ mọ́ ti gíríìdì, tó fi àròpọ̀ yẹn wo bí bírékà á ṣe yá tó, irọ́ ló ń pa fún òṣìṣẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ wá dá kún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná tó ń tú jáde lára ẹ̀ tí wáyà bá kanra kéré sí ti gíríìdì. Ṣé ìyẹn dáa? Rárá o. Bírékà tí wọ́n sẹ́ẹ̀tì fún gíríìdì lè máa wò ó níran. Iná lè dín kù sí ìdajì, síbẹ̀ tí bírékà bá lo ìṣẹ́jú àáyá 2 dípò 0.1, ooru á tó nǹkan bí ìlọ́po 10 ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí wọ́n ṣírò ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: gíríìdì, jẹnẹrétọ̀, ìgbà tí mọ́tọ̀ ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí wọ́n pa á. Èyí tó burú jù ni kó wà lára àlẹ̀mọ́. Mo mọ̀ pé owó ni.

Bọ̀dá yẹn ní lọ́jọ́ Sátidé lòun tún máa ṣí pánẹ́ẹ̀lì náà. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó pa iná pátápátá kó tó ṣí i.