Ẹ Wò Ó Ná Kí Ẹ Tó Bú U!

Díẹ̀ ló kù kí fíríìdọ̀ọ̀mù ọmọ ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ kan forí ṣánpọ́n ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́dún 2025. Ọmọ náà ti lo ọdún mẹ́ta nídìí máṣínnì, kò jalè, kò fi ọ̀gá rẹ̀ gún lára. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ata lọ́jà Ìkọ̀tún, ti kó owó àjọ, ó ti ra ìrẹsì, ó ti sanwó ohun mímu. Ẹ̀yin náà mọ iye tí àpò ìrẹsì dà báyìí. Àfi bí ọ̀gá ṣe ká ọmọ mọ́ ibi tó ti ń wo fóònù nígbà tó yẹ kó máa lọ aṣọ oníbàárà. Kí ló ń wò? Big Brother Naija ni.

Ha! Ṣọ́ọ̀bù gbóná.

"Ìhòòhò lò ń wò nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Àwọn aláìnítìjú tí ń bára wọn sùn bí ajá? Mi ò ní fọwọ́ sí sátífíkéètì fún ọmọ ìṣekúṣe!"

Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mo jẹ̀bi, àsìkò iṣẹ́ ni mo wò ó. Ṣùgbọ́n Màmá, ṣé ẹ ti wò ó rí?"

Ìbéèrè yìí gan-an ló dìjà. Ọ̀gá ní ta ni yóò jókòó wo irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀? Ó ní wọ́n ti wàásù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹnì kan sì ti fi fídíò ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp. Ó parí síbẹ̀. Kò mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn 29 tó wọ ilé náà. Kò mọ̀ pé ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó wá láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Opeyemi Ayanwale tí wọ́n ń pè ní Imisi, tó mọ aṣọ dárà, iṣẹ́ kan náà tí ọ̀gá fi ń jẹun.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ná. Fídíò WhatsApp ọ̀hún ò pé ìṣẹ́jú kan. Ọ̀sẹ̀ 10 ni ètò náà fi ń lọ, tọ̀sán-tòru. Bí àlejò bá ya fọ́tò ààtàn ẹ̀yìn ọjà Ìkọ̀tún, tó ní ọjà Ìkọ̀tún nìyẹn, ṣé ẹ ó gbà fún un?

Kò sẹ́ni tó ní ètò náà mọ́ tónítóní. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn fi àmì 18 sí i, ọmọ kékeré ò gbọdọ̀ wò ó. Ọtí wà níbi àríyá alẹ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ àlùfààṣá ò sì wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni Laycon ti jáde lọ́dún 2020, ọmọ tó kàwé gboyè ní Yunifásítì Èkó, tó gba ẹ̀bùn tó tó mílíọ̀nù 85 náírà, tí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún sì fi ṣe aṣojú ọ̀dọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Bàbá ṣobàtà tó wà ní ìkángun ṣọ́ọ̀bù ló wá dá sí i. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyáàfin, ṣebí Barrister lẹ̀ ń gbọ́ láti àárọ̀ yẹn?" Ó ní nígbà tí òun wà léwe, àwọn ọmọ tó ń kọ wéré láti jí Mùsùlùmí fún sààrì lóṣù Ràmádáànì, ọmọ ìsáǹsá làwọn àgbà kan ládùúgbò òun ń pè wọ́n, àwọn àgbà ọ̀hún ò sì jáde wá gbọ́ orin náà rí. Inú wéré yẹn ni Síkírù Àyìndé Barrister ti yọ fújì jáde. Nígbà tí ọkùnrin náà kú ní December 2010, ta ni ò dárò rẹ̀?

Ọ̀gá ò fèsì. Rédíò ń kọrin lọ ní tiẹ̀.

Lálẹ́ Sunday, ó lọ sílé aládùúgbò tó ní GOtv. Ó rí Ebuka Obi-Uchendu tó ń da ìbéèrè bo àwọn ọmọ náà. Ó tún padà lọ lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Mo ti wò ó. Ọkùnrin àtobìnrin tí kì í ṣe tọkọtaya, tí wọ́n jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, ìyẹn ò dáa. Ojú mi ló rí i, wọn ò sọ ọ́ fún mi."

Ọmọ tó máa ń wí àwíjàre tẹ́lẹ̀ dorí kodò. "Òótọ́ ni, Màmá."

"Gáùn aláwọ̀ ewé tí ọ̀kan nínú wọn wọ̀ ńkọ́? Ta ló gé ọrùn ẹ̀?"

Ni àwọn méjèèjì bá mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ń yà á sílẹ̀. Nígbà tó di 5 October 2025, Imisi ló gbégbá orókè, mílíọ̀nù 150 náírà. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí sátífíkéètì kó tó dìgbà náà, ìyá aláta sì jó dáadáa lọ́jọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù. Ṣùgbọ́n agolo Milo ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù báyìí. Gbogbo fóònù ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ máṣínnì.