Ṣé Aṣọ Ni A Ní Kí Ọmọ Wa Lọ Kà Ní Ìlú Òyìnbó?

   Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn wá, a kò sì fẹ́ kí ọdún yìí kọjá kí a tó sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìpàdé wa kan láìpẹ́ yìí, ẹnì kan nínú wa yọ fóònù rẹ̀, ó fi fọ́tò kan han ẹni tó jókòó tì í. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, fóònù náà ti yí gbogbo gbọ̀ngàn ká. Fọ́tò ọmọ wa kan ni, ọmọ tí gbogbo wa dáwó jọ fún kí ó lè lọ kàwé gba oyè kejì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀ ya ní orúnkún méjèèjì. Irun rẹ̀ ti ta kókó bíi ti dàda. Yẹtí kan wà ní etí rẹ̀ òsì. Kóòtù tó wọ̀ gùn kọjá orúnkún, bàtà kánfáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Ni ariwo bá sọ. Ẹnì kan ní, "Ṣé ohun tí a fi owó wa rán an lọ kọ́ nìyí?" Òmíràn ní ọmọ náà ti di jàǹdùkú. Kí a tó mọ̀, àbá ti wà nílẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ má fi ìdajì owó tó kù ránṣẹ́ mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ alága tó ní kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dúró di ìpàdé gbogbogbòò lẹ́yìn ọdún.

Àwa lòdì sí àbá yìí pátápátá. A sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé náà tó pé.

Èkíní, àwa ará Jos ló yẹ kí ọ̀rọ̀ aṣọ òkè òkun kọ́kọ́ yé. Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ wa ní òtútù. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú wa mìíràn, nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà tíìnì gbòde, bùbá àti dàńṣíkí ni wọ́n dì wá. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ sí ìdí gwánjọ, wọ́n ra súwẹ́tà àlòkù, wọ́n kì í bọ agbádá nínú. Ta ló pè wọ́n ní ọmọ tó sọnù? Lónìí ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwa tí a ń jẹun ìjọba, bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, kàfùtánì àti fìlà Hausa ni à ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Bí ọjọ́ ọdún ẹgbẹ́ bá sì pé, agbádá àti aṣọ òkè wa ni à ń gbé jáde. Kò tíì sí ẹni tó sọ pé a ti di Hausa. Kí ló wá dé tí ohun tó tọ́ sí wa ní Jos kò fi tọ́ sí ọmọ wa ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù Kejìlá?

Èkejì, ọ̀rọ̀ owó. Àwọn tó ń pariwo ní ọmọ náà ń fi owó ẹgbẹ́ ra fáàrí. Àwa kò pariwo, a lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá náà sọ fún wa pé kóòtù gígùn tí a rí yẹn, ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù ló ti rà á. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú bíi Oxfam ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ káàkiri ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ tí àwọn èèyàn fi tọrẹ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ gbọ́ o: aṣọ tí a pè ní ìgbéraga, gwánjọ ni! Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe rí kò ní yà á lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé fún oyè níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, náírà wa ti wó lulẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, pọ́n-ùn kan ti ju ₦1,500 lọ. Owó tí a rò pé ó pọ̀ nígbà tí a ń ká a nínú gbọ̀ngàn, díẹ̀ ló kù nígbà tó dé ọwọ́ ọmọ. Ọmọ tó fi gwánjọ bo òtútù kí ó lè rí owó ilé san, ṣé ẹni ìbáwí nìyẹn?

Kí a má purọ́, ṣòkòtò yíya yẹn kò dùn mọ́ àwa náà nínú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ọmọ ìwòyí ti fẹ́ sọ òwe náà dòfo, nítorí láti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń ra àkísà ní titun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè, ìran wo ni kò ní wèrè tirẹ̀? Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní àwọn ọdún 1970 wọ ṣòkòtò bóńgò tí ẹnu rẹ̀ ń gbálẹ̀, wọ́n wọ bàtà gogoro, wọ́n dá irun sí títí ó fi dà bí agbòòrùn. Àwa tí a wà ní póli ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, bàgí tó lè gba èèyàn méjì ni à ń wọ̀, a sì gẹ irun púńkì. Àwọn bàbá wa bú wa títí. Lónìí, àwọn tó wọ bóńgò ti di olóyè, àwa tí a wọ bàgí sì ń buwọ́ lu fáìlì. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó pariwo jù lọ́jọ́ náà, fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Bí a bá ní kí a fi fọ́tò yẹn dá ẹjọ́ fún un, kò ní jẹ́ olóyè láéláé.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn. Àwọn kan á ní Mojọlá Agbebí, ẹni tí wọ́n bí ní 1860 tó sì pa orúkọ òyìnbó rẹ̀ tì ní 1894, aṣọ Yorùbá ni òun ń wọ̀, títí kan òkè òkun. Òótọ́ ni, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni àádọ́ta ọdún ó lé ni nígbà tó lọ sí àpérò àwọn ẹ̀yà àgbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1911. Àgbà tó ti mọ ibi tí òun ń lọ ni, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ wo akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta. Ní 1919 ló lọ kàwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1922 ló padà. Frances ni wọ́n ń pè é nígbà tó ń lọ, aṣọ òyìnbó ló sì ń wọ̀ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣé ìyẹn ba ayé rẹ̀ jẹ́? Òun kan náà ló padà sí ìró àti bùbá nígbà tó kó àwọn obìnrin ọlọ́jà Ẹ̀gbá jọ ní àwọn ọdún 1940, tí wọ́n fi gbógun ti owó orí. Ní 1947 tó tún bá àwọn aṣojú NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ Yorùbá ló wọ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀, Fẹlá, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 láti kàwé. Nígbà tó fi máa di 1973, ó ti gbé àwo "Gentleman" jáde, níbi tó ti ń fi àwọn tó ń wọ kóòtù nínú ooru ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá àti ọmọ, kò sí ẹni tó fi ìyà jẹ wọ́n kí wọ́n tó mọ ohun tó yẹ wọ́n. Wọ́n rìn, wọ́n rí i, wọ́n fúnra wọn yàn án.

Ẹ̀kẹrin ló dùn wá jù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde káàkiri Nàìjíríà nítorí àwọn ọlọ́pàá SARS. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń ké lé lórí ni pé bí ọ̀dọ́ bá ti ní dàda lórí, tàbí ó wọ jíǹsì yíya, tàbí ó mú fóònù olówó ńlá dání, àwọn ọlọ́pàá a dá a dúró, wọn a ní ọmọ Yahoo ni, wọn a gba owó ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n na àwọn kan, àwọn mìíràn kò sì padà délé. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà ni ọ̀gá ọlọ́pàá kéde pé àwọn ti tú SARS ká. Àwa òbí ń sunkún nígbà náà. A ń bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn pé irun ni ẹ̀rí olè? Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ dákun, kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí SARS ṣe lójú títì àti ohun tí a fẹ́ ṣe nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́? Wọ́n wo irun, wọ́n dájọ́. Àwa náà wo irun, a fẹ́ dájọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè èsì ìdánwò ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá kan náà ni wá, tí à ń ki Dàda ní olówó ẹyọ.

A mọ èsì tí àwọn tó mú àbá wá máa fọ̀. Wọn á ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe náà kò parọ́. Bí ọmọ wa bá fi ṣòkòtò yíya lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbà á síṣẹ́, a ó kọ́kọ́ bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ títì ló dúró sí nínú fọ́tò yẹn, lọ́jọ́ tí kò sí ẹ̀kọ́. Ṣòkòtò tó ń ṣiṣẹ́ oko, oko ló ń gbé. Wọn á tún ní bí a bá gbójú fo èyí, àwọn àbúrò rẹ̀ á fara wé e. Àwọn àbúrò rẹ̀ ní Jos níhìn-ín ti ń wọ jíǹsì yíya kí òun tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Kì í ṣe òun ló kọ́ wọn.

Ohun kan tún wà tí ojú wa fò nínú ariwo ọjọ́ náà. Àwa gba fọ́tò náà, a fẹ̀ ẹ́, a wò ó dáadáa. Lábẹ́ kóòtù gwánjọ yẹn, adìrẹ ni bùbá tó wọ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun lòun rà á ní ọjà Ìtòkú, Abẹ́òkúta, tí òun kì í sínú àpótí rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Gbogbo wa rí ihò ṣòkòtò. Kò sẹ́ni tó rí adìrẹ. Ọmọ tó gbé adìrẹ wọ títì òyìnbó láìsí ẹni tó fi dandan mú un, ṣé òun ló gbàgbé ilé, àbí àwa tí a kò mọ adìrẹ wa mọ́ nígbà tí a rí i?

A kò sọ pé kò sí ìwà aṣọ tó yẹ kí a bá àwọn ọmọ wa wí. Ọmọ tó ń jẹ gbèsè nítorí bàtà nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń san owó kọ́péréétìfù tó fi rán an lọ, aláìmoore ni. Ọmọ tó ń dúró ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ya fọ́tò kí wọ́n lè rò pé ó ti là, òpùrọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a bá irú wọn wí kíkankíkan. Ṣùgbọ́n àwa òbí náà jẹ̀bi. Ọmọ kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí a ó ti ní kó fi bàtà àti léèsì ránṣẹ́, kó dá owó aṣọ ẹbí. Àwa gan-an ló kọ́ wọn pé aṣọ ni ẹ̀rí pé èèyàn ti ṣe àṣeyọrí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ó bẹ ìpàdé gbogbogbòò pé kó ṣe. Kí wọ́n fi ìdajì owó tó kù ránṣẹ́ sí ọmọ náà kíákíá, nítorí ilé ìwé kò ní dúró de àríyànjiyàn wa. Láti ìsinsìnyí lọ, èsì ìdánwò ni kí ẹgbẹ́ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ̀kẹta, ọmọ wa yòówù tó bá ń lọ sí òkè òkun, kí ẹgbẹ́ fún un ní aṣọ ilẹ̀ wa kan, ìbáà jẹ́ adìrẹ tàbí aṣọ òkè Ìsẹ́yìn, kí a sì fi àdúrà lé e lọ́wọ́. Ohun tí a kò fún ọmọ, a kò gbọdọ̀ bínú pé kò wọ̀ ọ́.

Ìwé ni a ní kí ọmọ wa lọ kà. Bí ó bá kà á yege, tó padà wá pẹ̀lú ìwà, a ó jọ bọ́ ṣòkòtò yíya yẹn sílẹ̀ fún un, a ó gbé agbádá wọ̀ ọ́. Bí a bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, tó wá pa ìwé tì ní ìlú onílùú, a kò ní rí ẹni tí a ó gbé agbádá wọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a sọ ọmọ wa nù.