Orí Tó Ń Pá: Ká Tọ́jú Rẹ̀ Ni, Àbí Ká Fá A Kodoro?

Bí ọkùnrin bá pé ẹni ọgọ́ta ọdún tí orí rẹ̀ pá, ta ni yóò bi í ní nǹkan kan? Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n tilẹ̀ lè máa kí i bí olówó, kí wọ́n ní ọgbọ́n ló lé irun kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀bátí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ a yàtọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bábà a bi í bóyá kí òun fi dáì dúdú kun iwájú orí fún un. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ a ní kó má gbàgbé fìlà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Bó bá dúró síwájú dígí, ìbéèrè kan náà ni yóò máa bi ara rẹ̀: ṣé kí n wá oògùn sí i ni, àbí kí n fá gbogbo rẹ̀ dànù kí n gbàgbé? Ìdáhùn méjèèjì ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ ká gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká tó dá sí i, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń mú kí orí pá. Irun tó wà lórí èèyàn tó nǹkan bí 100,000. Láti 50 sí 100 nínú wọn lè re lójúmọ́ láìsí ewu, torí òmíràn ń hù rọ́pò wọn. Ti orí pípá kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ọkùnrin máa ń sọ díẹ̀ nínú họ́mọ̀nù testosterone di òmíràn tó lágbára jù ú lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní DHT. Bí orí pípá bá wà nínú ìdílé ẹni, ihò irun iwájú orí àti ti àtàrí kì í lè fara da DHT yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sún kì, irun tó ń tibẹ̀ jáde a máa tín-ín-rín, a máa kúrú, títí yóò fi rí bí irun ara ọmọ ọwọ́. Ti ìpàkọ́ àti ti ẹ̀gbẹ́ etí kì í sábà bá wọn lọ. Lọ́dún 1942, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, James Hamilton, kọ̀wé nípa àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti yọ kórópọ̀n wọn kí wọ́n tó bàlágà. Orí wọn kì í pá. Nígbà tó wá fún àwọn kan nínú wọn ní testosterone, àwọn tó wá láti ìdílé apárí bẹ̀rẹ̀ sí í pá lórí. Nítorí náà, fìlà dídé kọ́ ló ń fà á, omi kànga kọ́, àròjù kọ́. Ìdílé ni, ti ìyá àti ti bàbá pọ̀. Ṣùgbọ́n bí irun bá ṣàdédé re lójú kan róbótó, tàbí tí làpálàpá wà níbẹ̀, àìsàn mìíràn nìyẹn, ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ló yẹ kó dé kíákíá.

Àwọn tó ní ká tọ́jú rẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Wọ́n ní ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ wà, yàtọ̀ sí ìgò tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì. Èkíní ni minoxidil. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ṣe é fún, àfi bí irun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára àwọn tó ń lò ó níbi tí wọn kò fojú sí. Ilé iṣẹ́ Upjohn bá sọ ọ́ di èyí tí wọ́n ń fi pa orí. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún orí ọkùnrin lọ́dún 1988, láti 1996 sì ni wọ́n ti lè rà á níbẹ̀ láìgba ìwé dókítà. Èkejì ni finasteride. Lọ́dún 1974, àwọn onímọ̀ kọ̀wé nípa àwọn ìdílé kan ní Dominican Republic tí ara wọn kò lè sọ testosterone di DHT bó ṣe yẹ. Bí àwọn ọkùnrin wọn ṣe ń dàgbà, prostate wọn kì í tóbi, orí wọn kì í sì í pá. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Merck ti rí ọgbọ́n oògùn tó ń dí ọ̀nà DHT. Hóró oní mílígíráàmù 5 jáde fún prostate lọ́dún 1992, ti mílígíráàmù 1 sì jáde fún orí lọ́dún 1997.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ abẹ. Lọ́dún 1952, Norman Orentreich, dókítà kan ní New York, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí irun ìpàkọ́ lọ gbìn síwájú orí, ó sì rí i pé irun tí a ṣí nípò kì í gbàgbé ìwà ìpàkọ́ tó ti wá: ó ń hù lọ ni. Lónìí, àìmọye ọkùnrin ló ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Istanbul nítorí rẹ̀. Nígbà tí Wayne Rooney, agbábọ́ọ̀lù Manchester United, ṣe é lọ́dún 2011, ọmọ ọdún 25 ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Yàtọ̀ sí pé oògùn wà, wọ́n tún ní ìrora náà kì í ṣe àwàdà. Ẹni ọ̀ràn kàn ló mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í bú ẹni tó ra awò ojú tàbí ẹni tó lọ to eyín, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ti irun nìkan ni a ń pè ní fáàrí? Lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé kí wọ́n máa fi orí pípá bú ọkùnrin níbi iṣẹ́ jẹ́ ìyọlẹ́nu tó jẹ mọ́ jíjẹ́ tó jẹ́ ọkùnrin. Lọ́dún yẹn kan náà, Lee Jae-myung, tó ń díje dupò ààrẹ ní Gúúsù Korea, ṣèlérí pé owó ìlera ìjọba yóò máa bá àwọn tí orí wọn ń pá san owó oògùn irun. Àwọn kan yọ̀ mọ́ ọn, àwọn mìíràn ní ṣé owó tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ni yóò wá máa lọ sórí irun? Kò wọlé lọ́dún náà, ó di ààrẹ ní 2025. Ìbéèrè tí wọ́n bi í kò tíì kúrò nílẹ̀: ṣé àìsàn ni orí pípá, àbí àwọ̀ ẹni lásán?

Àwọn tó ní ká fi í sílẹ̀ kò sọ̀rọ̀ òfìfo. Wọ́n ní kò sí èyí tó wo orí pípá sàn nínú oògùn méjèèjì, wọ́n kàn ń dá a dúró ni. Ẹni tó bá ṣíwọ́ lílò wọn, láàárín oṣù mélòó kan, gbogbo irun tó gbà padà yóò tún re. Wọ́n máa ń fi minoxidil olómi pa orí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, irun a tilẹ̀ máa re sí i, ó sì di oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ojú tó rí nǹkan. Ọ̀pọ̀ ló ti jáwọ́ kó tó di ìgbà yẹn. Owó tí ọ̀dọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná sí i lónìí, yóò máa ná an títí irun yóò fi sú u.

Ti finasteride tún gba ìrònú ju ìyẹn lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi gba àṣẹ fún un, nǹkan bí 4 nínú 100 ọkùnrin tó lò ó ló ní ìṣòro ìbálòpọ̀: kí ìfẹ́ rẹ̀ dín kù, tàbí kí nǹkan ọmọkùnrin má ṣiṣẹ́ dáadáa. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú, nǹkan bí 2 nínú 100 ló ráhùn bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n láti 2011 ni ìwé tó ń bá oògùn náà rìn ní Amẹ́ríkà ti ń sọ pé àwọn kan ṣì ń rojọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣíwọ́. Lọ́dún 2025, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lè mú èrò àtipa ara ẹni wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní àǹfààní rẹ̀ ṣì ju ewu rẹ̀ lọ. Ó tún máa ń dín iye PSA tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ prostate kù sí nǹkan bí ìdajì. Ọkùnrin tó bá ń lò ó láìsọ fún dókítà lè ṣe àyẹ̀wò kó sì rò pé ara òun le, nígbà tí àìsàn wà nínú rẹ̀. Àwọn baba wa kúkú ti sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà ní tirẹ̀. Gbòǹgbò irun aláwọ̀ dúdú máa ń tẹ̀ kọ́rọ́ lábẹ́ awọ, dókítà tí kò mọ̀ ọ́n lè gé e kó tó yọ ọ́ jáde. Ojú àpá àwọn mìíràn nínú wa sì máa ń wú sókè, ẹni tó bá ní irú ara bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí abẹ tó kan orí rẹ̀. Ní ti omi àlùbọ́sà, òrí àti ádì àgbọn, wọ́n lè mú irun àti awọ orí dán, wọn kò lè dí ọ̀nà DHT.

Gorímápá ńkọ́? Owó rẹ̀ kò wọ́n, ọjọ́ kan náà ló sì ń parí. Láti ìgbà tí Michael Jordan ti ń fá orí rẹ̀ kodoro lórí pápá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ni orí dídán ti di àṣà ọ̀dọ́. Ìwádìí kan tí Albert Mannes ti University of Pennsylvania gbé jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé àwọn èèyàn ń wo ọkùnrin tó fá orí bí ẹni tó ga jù, tó lágbára jù, tó sì lè pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà ní wọ́n tún ń wò ó bí ẹni tó dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, tí ẹwà rẹ̀ sì dín kù. Ẹni tí irun rẹ̀ ń re tó ṣì ń rọ̀ mọ́ ìyókù ni wọ́n fojú tó kéré jù wò. Fífá náà kò ṣàìní ìyọnu: abẹ tó bá ń fá ìpàkọ́ rékọjá ààlà lè fa kókó líle tí kì í lọ bọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin dúdú ló sì ń bá jù. Fìlà wà lóòótọ́, a sì dúpẹ́ pé aṣọ wa fàyè gbà á. Mùsùlùmí a máa dé e kírun. Kristẹni ní láti ṣí i bó bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá sì dé ààfin ọba náà yóò ṣí i.

Bí mo ṣe gbé e wò, àkókò ló mú ẹjọ́ yìí le. Oògùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù nígbà tí irun ṣì wà nílẹ̀, ìgbà yẹn sì ni ọkùnrin ṣì kéré, tí yẹ̀yẹ́ ń dùn ún jù, tí kò sì tíì mọ irú ẹni tí òun yóò jẹ́. Ìtẹ́lọ́rùn ń bọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí, àmọ́ nígbà tó bá dé, ihò irun ti lè kú, oògùn kò sì ní lè jí i mọ́. Ẹni tó ní kí ọ̀dọ́ fara balẹ̀ ń gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ní kó yára ń fi gbèsè ọjọ́ pípẹ́ lé e lórí nígbà tí kò tíì mọ iye rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó ṣeé yí padà ni kó ṣáájú. Kó fá orí rẹ̀ fún oṣù kan kó wò ó. Irun yóò tún hù bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó gbìyànjú minoxidil fún odindi oṣù mẹ́fà, kó rà á nílé oògùn tó ṣeé fọkàn tán, kó sì wo nọ́ńbà NAFDAC. Hóró finasteride ni yóò tẹ̀ lé e, pẹ̀lú dókítà tó mọ ìtàn ìlera rẹ̀, pàápàá bó bá ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí. Iṣẹ́ abẹ ni kó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ibi tí orí yóò pá dé bá ti hàn. Bí ọmọ ọdún 22 bá gbin irun síwájú orí tí ti ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń re lọ, irun ọ̀hún yóò kù bí erékùṣù.

Bí oògùn bá jẹ́ kí ọkùnrin padà síbi tó ti ń sá fún, owó rẹ̀ kò ṣòfò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pè é ní aláfẹ́. Bó bá fá orí rẹ̀ tó sì sùn dáadáa, òun náà ti rí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí irun rẹ̀ hù padà, tó ṣì ń ka èyí tó já sórí ìrọ̀rí láràárọ̀, kó lọ bá ẹni tó mọ ìtọ́jú ọkàn sọ̀rọ̀ kó tó tún ra ìgò mìíràn.